Àwọn Tí Idẹ Rántí: Ère Lewis àti Clark Pẹ̀lú Ajá Wọn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan létí odò Missouri, ní ìlú St. Charles tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ère idẹ ńlá kan wà tí ó ṣe àfihàn ọkùnrin méjì, Meriwether Lewis àti William Clark, pẹ̀lú ajá ńlá onírun púpọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán láti la ilẹ̀ náà já dé etí Òkun Pàsífíìkì láàárín ọdún 1804 sí 1806, ajá náà sì ni Seaman, tí Lewis fi owó ara rẹ̀ rà. Ère ìrántí, ní ìtumọ̀ tí a fún un níhìn-ín, ni àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko tí àwùjọ kan fi idẹ tàbí òkúta ṣe, tí wọ́n sì gbé síta gbangba kí ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì má baà di ìgbàgbé. Owó ńlá ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ààyè orí òkúta tí ère ń dúró lé kì í sì í gba gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹni tí àwùjọ gbé síbẹ̀ àti ẹni tí ó yọ sílẹ̀ ń sọ irú ìdájọ́ tí àwùjọ náà ti ṣe. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dì mú ni pé ó tọ́, ó sì yẹ, kí ajá náà wà nínú idẹ, ṣùgbọ́n ère tí ó bá rí àyè fún ajá, tí kò rí àyè fún York, ẹrú tí ó bá wọn rin gbogbo ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀, kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1803, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò kọjá odò Mississippi. Ohun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò náà ni àwọn aláwọ̀ funfun kà sí ẹkùn ààlà, ìyẹn ilẹ̀ tí àṣẹ ìjọba wọn kò tíì dé, tí wọn kò sì ní àwòrán rẹ̀ tí ó pé lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, Ààrẹ Thomas Jefferson kọ̀wé ní bòńkẹ́lẹ́ sí Ilé Aṣòfin pé kí wọ́n fọwọ́ sí 2,500 dọ́là fún ìrìn àjò tí yóò tọ odò Missouri dé ìsun rẹ̀, tí yóò sì wá ọ̀nà dé òkun. Kí ẹgbẹ́ náà tó gbéra, ìjọba Faransé lábẹ́ Napoleon ti ta ilẹ̀ Louisiana fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ náà sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orílẹ̀-èdè náà di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni wọ́n rà. Àwọn Mandan, Hidatsa, Arikara, Shoshone, Nez Perce, Chinook àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé ibẹ̀ àti ní ilẹ̀ tí ó kọjá rẹ̀ dé òkun, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń ná ọjà láàárín ara wọn kí Faransé tó mọ̀ pé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra lo ọ̀rọ̀ náà aṣàwárí, tí í ṣe ẹni tí ó lọ wá ilẹ̀ tí a kò mọ̀, nítorí ohun tí Lewis àti Clark ṣàwárí fún ìjọba wọn jẹ́ ilé àti oko fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn onílé náà ni wọ́n sì ń júwe ọ̀nà fún wọn láti ibùdó kan dé òmíràn.

Lewis, tí a bí ní Virginia ní ọdún 1774, ti ṣe akọ̀wé fún Jefferson nínú ilé Ààrẹ kí ó tó gba iṣẹ́ yìí, ó sì pe Clark, tí ó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, tí wọ́n sì ti jọ ṣe iṣẹ́ ológun rí, pé kí àwọn méjèèjì jọ darí ẹgbẹ́ náà. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 1803, ọkọ̀ Lewis kúrò ní Pittsburgh, ó ń tọ odò Ohio lọ, kò sì pẹ́ tí ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ajá ìran Newfoundland ni, ìran tí orúkọ rẹ̀ wá láti erékùṣù kan tí ó wà ní Kánádà lónìí, níbi tí àwọn apẹja ti ń lò wọ́n. Wọ́n tóbi, irun wọn nípọn, awọ so ìka ẹsẹ̀ wọn pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n sì mọ omi wẹ̀ gan-an. Ogún dọ́là ni Lewis rà á, nígbà tí owó oṣù ọmọ ogun tí kò ní ipò nínú ẹgbẹ́ náà jẹ́ dọ́là márùn-ún péré, tí ó fi hàn pé owó oṣù mẹ́rin ni ajá kan ṣoṣo náà gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, níbi tí odò Ohio ti wọ Mississippi, ọkùnrin Shawnee kan fi awọ beaver mẹ́ta lọ Lewis pé kí ó fi ajá náà ṣe pàṣípààrọ̀, ó kọ̀. Beaver ni ẹranko olómi tí ń fi eyín gé igi lulẹ̀, awọ rẹ̀ sì jẹ́ ọjà tí ó gbówó lórí ní ẹkùn náà nígbà náà.

Àwọn tí wọ́n gbà pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni ajá tí a fi sínú ère jẹ́, tí oníṣẹ́ ère fi ń mú kí àwọn ọmọdé fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì ka ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà dáadáa. Lórí odò Ohio, nígbà tí agbo ọ̀kẹ́rẹ́ ń wẹ omi kọjá láti bèbè kan sí èkejì, Lewis ń rán ajá náà sínú omi, ó ń pa wọ́n, ó sì ń gbé wọn wá sínú ọkọ̀ kí wọ́n lè dín wọn jẹ. Ó ń lé àgbọ̀nrín tí ó gbọgbẹ́ wọ inú odò, a sì pa á. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1805, beaver kan tí wọ́n ti ṣe léṣe gé e jẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà tó bẹ́ẹ̀ tí Lewis fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun pé yóò kú. Kò kú. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní òru, akọ ẹfọ̀n ńlá kan wẹ odò kọjá, ó gun orí ọkọ̀ wọn, ó sì sáré gba àárín àwọn tí wọ́n sùn sí ẹ̀gbẹ́ iná, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù kí ó tẹ̀ wọ́n lórí. Bí ó ti ń bọ̀ tààrà sí àgọ́ tí àwọn ọ̀gá sùn sí, ajá náà ni ó gbó mọ́ ọn tí ó fi yà kúrò lọ́nà. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí wọ́n ń gbé ẹrù àti ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ ní Great Falls, níbi tí odò Missouri ti ń dà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ajá náà kì í sùn lóru nítorí béárì, ẹranko abìjà ńlá tí ó ń rìn yí ibùdó wọn ká. Láàárín àwọn Yorùbá, tí ajá jẹ́ alábàárìn fún àwọn ọdẹ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òwe odindi sọ ajá lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò jiyàn sí i pé irú ajá bẹ́ẹ̀ kópa nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà yìí ń jẹ ẹran ajá. Nígbà tí wọ́n sọdá àwọn òkè ńlá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ẹran ìgbẹ́ sì ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá ni wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ fún jíjẹ. Lewis fẹ́ràn ẹran náà, Clark kò lè gbé e mì pẹ̀lú ìfẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1806, ọkùnrin Nez Perce kan tí ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí oúnjẹ yìí ju ọmọ ajá tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú sínú àwo Lewis, Lewis sì bínú, ó gbá ọmọ ajá náà mú, ó sọ ọ́ padà lu ọkùnrin náà, ó tún fa àáké yọ sí i. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni àwọn ènìyàn kan ní etí odò Columbia jí Seaman gbé, tí Lewis rán ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀lé wọn pé bí wọ́n bá ṣagídí, kí a yìnbọn lù wọ́n. Àwọn tí wọ́n jí i rí àwọn tí ń lé wọn bọ̀, wọ́n fi ajá sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ìtàn yìí dùn mọ́ àwọn olùfẹ́ ajá létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó tún kó ìrònú bá ni, nítorí Lewis ti ṣetán láti pa ènìyàn nítorí ajá rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ àlejò sí.

Orúkọ ajá náà pẹ́ kí ó tó hàn gbangba. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà jáde ṣi ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn aṣàwárí kà, wọ́n pe ajá náà ní Scannon, orúkọ náà sì wọ inú ìwé ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990 ni onímọ̀ ìtàn Donald Jackson, bí ó ti ń yẹ àwọn orúkọ tí ẹgbẹ́ náà sọ àwọn odò ní Montana wò, rí i pé Lewis sọ odò kékeré kan ní orúkọ Seaman ní oṣù Keje ọdún 1806, ó sì yé e pé ajá náà ni ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Monture ni orúkọ odò kékeré náà lónìí. Lẹ́yìn èyí ni a tún rí ìwé kan tí Timothy Alden tẹ̀ jáde ní ọdún 1814, níbi tí ó ti ṣàkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ìdè ọrùn ajá kan ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Alexandria ní Virginia, ọ̀rọ̀ tí ó fi orúkọ náà àti orúkọ olówó rẹ̀ múlẹ̀. Alden fi kún un pé nígbà tí Lewis kú ní Tennessee ní oṣù Kẹwàá ọdún 1809, ní ẹni ọdún 35, ajá náà kò kúrò lórí sàréè rẹ̀, ó kọ oúnjẹ títí ó fi kú. Kò sí ẹlòmíràn tí ó jẹ́rìí sí apá ìkẹyìn yìí, ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò fúnra rẹ̀ sì sọ gbẹ̀yìn nípa ajá náà ni pé ó ń hu nítorí ìyà tí yànmùyánmú fi ń jẹ ẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1806.

Àsìkò tí olúkúlùkù wọ inú idẹ kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ohun ìrántí tí ó ga jù nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ̀n òkúta tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 100 tí a parí ní ọdún 1901 ní Sioux City fún Sájẹ́ǹtì Charles Floyd, ọ̀kan ṣoṣo tí ó kú nínú ẹgbẹ́ náà lẹ́nu ìrìn àjò. Ní ọdún 1905, nígbà tí ìlú Portland ṣe àfihàn ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn obìnrin dáwó jọ, Alice Cooper sì ṣe ère Sacagawea, ọmọbìnrin Shoshone tí àwọn Hidatsa ti kó lẹ́rú rí, tí ó gbé ọmọ jòjòló rẹ̀ pọ̀n dé etí òkun. Ọkùnrin oníṣẹ́ ère Montana, Bob Scriver, ṣe ère kan sí Fort Benton ní ọdún 1976: Lewis, Clark, Sacagawea àti ọmọ rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1989, Scriver kan náà ṣe òmíràn sí Great Falls, lọ́tẹ̀ yìí ó gbé Lewis, Clark, York àti Seaman síbẹ̀. Láàárín ère méjèèjì, àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà jáde ní àkọ̀tun lábẹ́ àbójútó Gary Moulton ní Yunifásítì Nebraska, iṣẹ́ tí ó di ìdìpọ̀ 13 nígbà tí ó parí. Bí ìwé ti ń yé àwọn ènìyàn sí i ni ojú idẹ ń là. Ní ọdún 1990, Stanley Wanlass gbé Lewis, Clark àti ajá náà sí etí òkun ní Seaside ní Oregon, nígbà tí ayẹyẹ igba ọdún sì dé láàárín ọdún 2003 sí 2006, ère ajá pọ̀ sí i ní àwọn ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàfọ́wọ́mú ni fífi ẹnì kan kún ère. Oníṣẹ́ ère a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ àwòrán náà, a ó fi ìda ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó fi ohun tí iná kò lè jó bo ìda náà lára, a ó gbé e sínú iná kí ìda yọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni a ó da idẹ yíyọ́ sínú àlàfo tí ìda fi sílẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn asudẹ Ilé-Ifẹ̀ fi ṣe orí àwọn ọba ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí a tó bí Lewis. Ère tí ó ga ju ènìyàn lọ kò ṣeé dà lẹ́ẹ̀kan, wẹ́wẹ́ ni a ń dà á, kí a tó jó o pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tí a bá fi kún un ń bu iṣẹ́ oṣù mélòó kan àti owó tí ó pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ kan bá sanwó fún ajá, tí wọn kò sanwó fún York, kì í ṣe pé ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò owó, wọ́n sì yàn.

Ta ni York? Ẹrú Clark ni, ọmọ Áfíríkà nípa ìran, tí Clark jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ọdún 1799. Ó gbé ìbọn, ó ṣọdẹ, ó tọ́jú Floyd lórí àìsàn, ó wọ́ ọkọ̀ ó sì ru ẹrù bíi gbogbo ọkùnrin yòókù. Ní Great Falls, nígbà tí yìnyín àti òjò ńlá sọ àfonífojì kan di odò lójijì, tí Clark, Sacagawea àti ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ, York ni wọ́n bá lókè tí ó ń wá wọn kiri pẹ̀lú àníyàn. Àwọn Arikara, tí wọn kò rí aláwọ̀ dúdú rí, ń fọwọ́ pa á lára, wọ́n sì bu ọlá fún un. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1805, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò ti lo ìgbà òtútù ní etí òkun, a gba èrò York sílẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú ti gbogbo ẹgbẹ́, a sì béèrè ti Sacagawea náà. Clark tilẹ̀ sọ odò kékeré kan létí Yellowstone ní orúkọ York. Gẹ́gẹ́ bíi ti Seaman, orúkọ náà kò dúró lórí àwòrán ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé St. Louis ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806, ìjọba san owó ìlọ́po méjì fún àwọn ọmọ ogun, ó sì fún olúkúlùkù ní ilẹ̀ 320 éékà. York kò gba kọ́bọ̀, kò gba ilẹ̀, kò sì gba òmìnira. Ó ní ìyàwó ní Louisville, tí òun náà jẹ́ ẹrú lọ́dọ̀ olówó mìíràn, ó sì bẹ Clark pé kí ó jẹ́ kí òun gbé nítòsí rẹ̀. Ìdáhùn Clark wà nínú àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jonathan, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002: ó bínú, ó nà án, ó sì ń halẹ̀ pé òun yóò tà á sí New Orleans. Ní ọdún 1832, Clark sọ fún òǹkọ̀wé Washington Irving pé òun ti dá York sílẹ̀, pé ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣòwò, kò rí ṣe, àrùn onígbá-méjì sì pa á. Ẹnu olówó rẹ̀ nìkan ni a ti gbọ́ èyí. Ẹni tí ó bá gbé ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti ajá tí Lewis fẹ́ yìnbọn nítorí rẹ̀, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìdè ọrùn tí a sì tọ́jú fún àwọn ìran, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ère yìí fi gbọdọ̀ ká ni lára.

Ìlú Louisville gbé ère York tí Ed Hamilton ṣe síta ní ọdún 2003, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ààrẹ Bill Clinton fi oyè sájẹ́ǹtì dá York àti Sacagawea lọ́lá. Alison Saar ṣe òmíràn sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Lewis àti Clark ní Portland ní ọdún 2010. Ní ìlú Portland kan náà, ẹnì kan gbé ère orí York sí òkè Mount Tabor ní oṣù Kejì ọdún 2021 láìgba àṣẹ. Kò pé oṣù mẹ́fà tí àwọn kan fi wó o lulẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà ni ìlú Charlottesville ní Virginia yọ ère tí Charles Keck ṣe ní ọdún 1919 kúrò, níbi tí Lewis àti Clark ti dúró gbọnyingbọnyin tí Sacagawea sì ká kò sẹ́yìn wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé ìwọ̀sí ni. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ tọ́. Bí obìnrin yìí kò bá sí lọ́dọ̀ wọn, àwọn Shoshone kì bá tí tètè fún wọn ní ẹṣin tí wọ́n fi gun òkè. Àṣìṣe ìtàn gidi ni kí a fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Bí a bá ń wá èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù, ti Kansas City ni, èyí tí Eugene Daub ṣe ní ọdún 2000. Ó dúró sí Case Park, lórí òkè tí ó kọjú sí ibi tí odò Kansas ti wọ Missouri, níbi tí àwọn aṣàwárí náà ti gòkè wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806. Lewis wà níbẹ̀, Clark wà níbẹ̀, Sacagawea wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, York wà níbẹ̀, Seaman náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe èyí tí kò ní àléébù, nítorí àwọn Mandan tí wọ́n fi àgbàdo bọ́ ẹgbẹ́ náà ní ìgbà òtútù kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí i pé ìrìn àjò náà kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin méjì.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń gbé ní àwọn ìpínlẹ̀ tí odò Missouri àti Ohio là kọjá lónìí, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ ìtàn Lewis àti Clark ní ilé ẹ̀kọ́. Kí àwọn òbí mú wọn lọ wo ère York ní Louisville àti ti Kansas City, kí wọ́n má ṣe dúró lórí ti ajá nìkan. Kí àwọn ìlú tí ère wọn kò sì ní ju kápútéènì méjì àti ajá lọ dáwó jọ, kí wọ́n gbé York àti Sacagawea sí ẹ̀gbẹ́ wọn.